Bí A Ṣe Ń Di Onímọ̀ Tí Ń Sọ Ìtàn Róòmù àti Gíríìkì Àtijọ́ fún Gbogbo Ènìyàn

Ní ìlú South Shields, létí òkun ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ibojì kan wà tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ ní ọdún 1878. Àwòrán obìnrin ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sórí àga tí a hun bí agbọ̀n, ó mú ohun èlò tí a fi ń ran òwú dání, apẹ̀rẹ̀ òwú wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó sì na ọwọ́ sí àpótí ọ̀ṣọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú rẹ̀ ti fọ́ dànù, kò sí ẹni tí ó lè mọ bí ó ṣe rí mọ́. Lábẹ́ àwòrán yìí ni wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè Látìn pé Regina ni orúkọ rẹ̀, pé ẹrú ni kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, pé aya Barates ará Palmyra ni, pé ọmọ ẹ̀yà Catuvellauni ni, àti pé ẹni 30 ọdún ni nígbà tí ó kú. Lábẹ́ Látìn náà, ìlà kan ṣoṣo tún wà ní èdè àwọn ará Palmyra, ìyẹn ìlú ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Síríà. Ohun tí ìlà náà sọ kò pọ̀: "Regina, ẹni tí Barates dá sílẹ̀, ó mà ṣe o."

Ẹni tí ó bá lè dúró níwájú irú òkúta bẹ́ẹ̀, tí ó lè kà á fúnra rẹ̀, tí ó sì lè sọ ohun tí ó kà fún ìyá tí ń ta ata lọ́jà tàbí fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí onítọ̀hún yóò fi mí kanlẹ̀, láìfi irọ́ kún un, ni ẹni tí mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí nípa rẹ̀. Mo kọ ọ́ fún ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ fà sí iṣẹ́ náà, àti fún òbí tí ọmọ wá bá nílé pé Látìn ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, tí òbí náà kò sì mọ ohun tí yóò sọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú gbogbo ohun tí ó ń bọ̀: kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni onímọ̀ yìí ń sọ fún àwọn ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ sọ fún wọn bí a ṣe mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti alálọ̀ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n sọ bí alálọ̀ọ́.

Ọ̀dọ̀ Mary Beard, onímọ̀ ìtàn Róòmù àtijọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni n óò ti mú àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ipa ọ̀nà tí ó tọ̀ hàn kedere, ẹnikẹ́ni sì lè tọpasẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n bí i, ní Much Wenlock ní àgbègbè Shropshire. Ó kàwé ní Newnham College ní Cambridge, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1979, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1982, ó padà sí Newnham gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní ọdún 1984, ó bí ọmọ méjì kí ọdún 1987 tó parí, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 2004. Ọdún 2010 ni ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lórí ìlú Pompeii jáde lórí BBC. Ẹni tí ó bá rò pé tẹlifíṣọ̀n ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí ó jọ̀wọ́ tún àwọn ọdún wọ̀nyẹn kà. Ẹni 55 ọdún ni obìnrin náà kí gbogbo ìlú tó mọ ojú rẹ̀, ó sì ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé.

Èdè ni ìpìlẹ̀. Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yẹ Látìn àti Gíríìkì sílẹ̀ kí ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí pé ṣebí wọ́n ti túmọ̀ gbogbo ìwé wọ̀nyẹn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ni ó kù tí a ń wá? Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí òkúta Regina. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "fún aya" ní Látìn, coniugi ni ó yẹ kí ó jẹ́ níbi tí wọ́n lò ó yẹn. Coniuge ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Látìn yóò rí i lójú ẹsẹ̀, bí àwa náà ṣe ń mọ̀ láti inú gbólóhùn kan ṣoṣo pé ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀ kọ́ Yorùbá ní àgbà ni. Wọ́n ṣi Látìn orí òkúta náà kọ, ṣùgbọ́n ìlà èdè Palmyra tí ó wà nísàlẹ̀ dá ṣáká, ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ sì dán. Nínú àṣìṣe yẹn ni a ti rí i pé èdè ìjọba ni Látìn jẹ́ fún àwọn tí ó ṣe òkúta yìí, àti pé nígbà tí ó tó àkókò láti dárò, èdè ilé ọkọ ni wọ́n fi dárò. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti tún àṣìṣe náà ṣe kí ó tó dé ọwọ́ òǹkàwé, ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ fi Látìn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi Gíríìkì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ yà ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ó sàn ju wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo lọ. Látìn máa ń yí ìparí ọ̀rọ̀ padà láti fi hàn ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí, èyí tí Yorùbá kì í ṣe, nítorí náà ni ó fi máa ń mú wa lómi ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohùn rara ni kí ẹ fi kọ́ àwọn ìparí náà sórí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ìṣírò ìlọ́po ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Etí ni èmi fi kọ́ tèmi kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Perseus Digital Library ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwé Látìn àti Gíríìkì jọ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè tí yóò tú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ fún yín. Àwọn ìwé Loeb tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rúndún ogún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ti Látìn jẹ́ pupa tí ti Gíríìkì sì jẹ́ àwọ̀ ewé, ní èdè àtijọ́ lójú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé kejì. Ẹ fi bébà bo ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ti wà ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yunifásítì náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò fi lọ sí òkè òkun, kí ó mọ̀ pé àìkọ́ Látìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Cambridge ní ètò ọlọ́dún mẹ́rin fún àwọn tí kò gbọ́ Látìn rí, Oxford náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Mary Beard fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó fi £80,000 sílẹ̀ láti fi gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ó wá láti ilé tí kò rí já jẹ, kí wọ́n lè ka ẹ̀kọ́ yìí ní Cambridge. Orúkọ olùkọ́ rẹ̀, Joyce Reynolds, ni ó fi sọ ẹ̀bùn náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ obìnrin yẹn. Kò gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n òun ni ó wà nídìí kíka àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ sára òkúta ní ilẹ̀ Líbíà, ó sì ṣe iṣẹ́ kíka òkúta títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, nítorí ẹni 103 ọdún ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2022. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó ń hú kànga, kí àwọn mìíràn tó lè pọnmi fún ìlú.

Lẹ́yìn èdè ni kí ẹ wá ibi kékeré kan tí ẹ óò wà jinlẹ̀. Ẹ̀sìn ìjọba Róòmù ní ayé Cicero, olóṣèlú àti òǹkọ̀wé Róòmù, ni Beard fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò sọ pé kí ni èyí já mọ́ fún aráyé. Ó já mọ́ nǹkan, nítorí pé ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́rin lórí ìbéèrè kan, tí ó ti rí ibi tí àwọn ìwé àtijọ́ ti takora, tí ó ti rí i pé òǹkọ̀wé tí gbogbo ènìyàn gbára lé kọ ìwé rẹ̀ ní igba ọdún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, yóò máa fi ojú yẹn wo gbogbo ìtàn tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe hàn nínú ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìtàn Róòmù ní ọdún 2015, èyí tí ó pè ní SPQR. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Romulus, ẹni tí wọ́n ní ó tẹ Róòmù dó, àti ìkookò tí wọ́n ní ó fún un lọ́mú. Ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Cicero ti dojú kọ Catilina ọlọ̀tẹ̀, nítorí pé àkókò yẹn ni ẹ̀rí ti pọ̀, tí a lè gbọ́ ohùn àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Lẹ́yìn èyí ni ó wá padà sẹ́yìn lọ bá Romulus. Ètò ìwé náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ òǹkàwé pé ibi tí ẹ̀rí bá wà ni ẹsẹ̀ ti ń múlẹ̀.

N kò ní fi bò fún yín pé iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kò tó gbogbo àwọn tí ó gba oyè yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti níhìn-ín. Ẹ ní iṣẹ́ kejì lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè ni ó sún mọ́ ọn jù, kò sì sí èyí tí ó dí ènìyàn lọ́wọ́ láti máa bá ìlú sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ bíbá ìlú sọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ẹ̀bùn àbímọ́ ni. Àkọ́ṣe ni. Ní ọdún 1992 ni Beard di olóòtú fún àpilẹ̀kọ lórí Róòmù àti Gíríìkì ní Times Literary Supplement, ìwé ìròyìn àwọn òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń gé e kúrú, tí ó ń bi òǹkọ̀wé pé kí ni gbólóhùn yìí túmọ̀ sí, yóò kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé fún ẹni tí kò ní ìdí kan láti ka ìwé náà dé òpin. Ẹ̀yin náà lè ṣe é láìní ìwé ìròyìn. Ẹ máa kọ 800 ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ lórí ohun kan ṣoṣo: owó ẹyọ kan, ìkòkò kan, òkúta kan. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ojú onítọ̀hún bá ti kúrò lára yín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí láti wá bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan sọ̀rọ̀, orúkọ àwọn olú ọba àti ọdún tí wọ́n jẹ ni mo tò sílẹ̀ bẹẹrẹ. Kí n tó dé orí ẹnì kẹrin, àwọn ọmọ náà ti ń wo ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan tí ó wà lẹ́yìn pátápátá wá na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọba yẹn ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Mo fi ìwé mi sílẹ̀, mo dá a lóhùn pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó kọ ọ́, pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì dáyé nígbà náà, àti pé ọba tí ó kórìíra ìdílé ọba yẹn ni ó ń fún un lówó oṣù. Gbogbo kíláàsì padà sọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè "báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" kì í ṣe ìdíwọ́ fún ìtàn. Òun gan-an ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ gbọ́.

Bí ó bá wá di ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fídíò orí fóònù, ẹ jẹ́ kí ohun tí a lè fi ojú rí ṣáájú ọ̀rọ̀. Ibojì Eurysaces ní ìlú Róòmù jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Oníbúrẹ́dì ni ọkùnrin náà, ó sì lówó débi pé ó kọ́ ibojì gíga sẹ́nu ọ̀nà ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń pè ní Porta Maggiore lónìí. Ihò róbótó-róbótó ni ó kún ara ibojì náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ohun tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ni wọ́n fi àwòrán rẹ̀ gbẹ́. Lókè, wọ́n gbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìtòtẹ̀léra: àwọn tí ń lọ ọkà, àwọn tí ń po ìyẹ̀fun, ẹni tí ń ki búrẹ́dì bọ inú ààrò, àwọn tí ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ògiri ìlú fi bò ó mọ́lẹ̀, títí wọ́n fi wó ògiri náà ní ọdún 1838 tí ó sì fojú hàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sọ pé ibojì Eurysaces nìyí, oníbúrẹ́dì àti agbaṣẹ́ṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan parí: apparet. Àwọn kan ní ó túmọ̀ sí "ó ṣáà hàn gbangba", pé ọkùnrin náà ń fi ibojì rẹ̀ yangàn. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe lábẹ́ àwọn aláṣẹ ìlú ni ó ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí fún ìlú, ẹ má fi àríyànjiyàn yẹn pamọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin gbà àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè yàn fúnra wọn. Olóòtú ètò yóò fẹ́ kí ẹ sọ ọ̀kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú sùúrù, nítorí orúkọ tiyín ni yóò wà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Áfíríkà ni àwa gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra jù, nítorí pé ìfẹ́ ilé lè mú wa sọ ju ohun tí ẹ̀rí sọ lọ. Ọdún 145 ni wọ́n bí Septimius Severus ní Lepcis Magna ní ilẹ̀ tí ó di Líbíà, ó jẹ olú ọba láti ọdún 193, ó sì kú ní ìlú York ní ọdún 211. Ọmọ Áfíríkà ni ní ti ibi tí a bí i, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Àwòrán kan tí wọ́n kùn sórí pákó ní Íjíbítì, tí ó wà ní Berlin báyìí, fi òun, ìyàwó rẹ̀ Julia Domna, àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjì hàn. Wọ́n ti ha ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kúrò, nítorí pé lẹ́yìn tí Caracalla pa Geta àbúrò rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ àti àwòrán rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Àwọ̀ Severus dúdú ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ nínú àwòrán náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa sì máa ń gbé e káàkiri pé ẹ̀rí nìyí pé aláwọ̀ dúdú jọba ní Róòmù. Ṣùgbọ́n àṣà àwọn ayàwòrán ayé ìgbà náà ni láti kun ọkùnrin ní àwọ̀ tí ó dúdú ju ti obìnrin lọ. Àwòrán náà kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí ó lè sọ fún wa nípa ọmọ tí a ha ojú rẹ̀ tó ìtàn fúnra rẹ̀, èmi kò sì mọ ohun tí ó lè jáni láyà ju ihò funfun yẹn lọ láàárín ìdílé tí ó wọ aṣọ oyè.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó fa ìjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2017, nígbà tí àwọn kan fárígá sí àwòrán ìdílé kan ní Bìrìtéènì ayé Róòmù tí BBC ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí pé bàbá ìdílé náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Beard sọ pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì, ó sì tọ́ka sí Quintus Lollius Urbicus, gómìnà Bìrìtéènì tí ó wá láti ibi tí ó jẹ́ Àlgéríà lónìí, ẹni tí ó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n mọ odi Antoninus ní Scotland. Èébú ni wọ́n fi dá a lóhùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé òun mọ àwọ̀ ara Urbicus. Ibi tí wọ́n ti bí i ni òkúta fi hàn, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí.

Nítorí náà, ẹ múra sílẹ̀ fún èébú, pàápàá jù lọ ẹ̀yin obìnrin. Ní ọdún 2012, alárìíwísí kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ojú Beard kò yẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin náà kọ èsì sínú ìwé ìròyìn mìíràn, kò sì pa irun rẹ̀ tí ó ti funfun láró. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ènìyàn ń kọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí nípa ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà jáde kí gbogbo ayé rí wọn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ dá ẹni tí ó ní ìbéèrè lóhùn, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ le, kí ẹ sì fi ẹni tí èébú nìkan ni ó mú wá sílẹ̀ fún ọlọ́pàá tàbí fún bọ́tìnnì tí a fi ń dí ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe gidi nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ gbà á ní gbangba lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ohun tí ń gbé iyì onímọ̀ ró tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti èdè wa. Àwọn tí yóò gbọ́ ìtàn yìí ní Yorùbá wà, Ọlá Rótìmí sì ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí ó mú ìtàn Oedipus ti àwọn Gíríìkì wọ aṣọ Yorùbá tí àwọn ènìyàn sì wò ó bí ẹni pé inú agbo ilé wọn ni ó ti ṣẹlẹ̀. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà mú ìparun Troy wá sí Òwu. Òǹkọ̀wé eré ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, onímọ̀ ìtàn gbọ́dọ̀ rọra. Bí ẹ bá pe Jupiter ní Ṣàngó nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ni àrá, ẹ ti bo Aláàfin tí ó jọba ní Ọ̀yọ́ mọ́lẹ̀, ẹ sì ti bo òrìṣà Róòmù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà tí Yorùbá ti sún mọ́ Róòmù ju bí Gẹ̀ẹ́sì ti sún mọ́ ọn lọ. Inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí arúgbó ni wọ́n ti fa senatus yọ, nítorí náà "ìgbìmọ̀ àgbà" bá a mu ju "ilé aṣòfin" lọ. Ní Róòmù ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó jẹ gbèsè lè fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó yá a lówó lábẹ́ ìdè tí wọ́n ń pè ní nexum, títí wọ́n fi fòfin dè é ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi. Gbólóhùn gígùn ni ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni yóò lò láti ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá pe ìwọ̀fà, àgbàlagbà Yorùbá ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó kù kí ẹ là yé e. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ óò máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bí ẹ ṣe ń bá wọn pàdé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n kó àwọn òkúta Róòmù ti Bìrìtéènì jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Roman Inscriptions of Britain, kí ó sì wá nọ́ńbà 1065. Regina ni yóò rí. Kí ó wo àwòrán náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó ka ìtumọ̀, kí ó sì kọ 300 ọ̀rọ̀ ní Yorùbá lórí ohun mẹ́ta: ohun tí òkúta sọ, ohun tí a lè fà yọ nínú rẹ̀, àti ohun tí kò sọ. Kò sọ bí ọmọ ẹ̀yà Catuvellauni láti gúúsù ṣe di ẹrú ní ìpẹ̀kun àríwá. Kò sọ ẹni tí ó sọ ọ́ ní Regina, tí ó túmọ̀ sí ayaba, orúkọ tí ó wúwo lọ́kàn mi púpọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Òkúta kejì wà ní Corbridge tí orúkọ ará Palmyra kan wà lára rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ti fọ́, ó sì lè jẹ́ Barates kan náà tí ó kú ní ẹni 68 ọdún. Kí ó kọ "ó lè jẹ́", kí ó má kọ "ó jẹ́".

Lẹ́yìn tí ó bá ti ka iṣẹ́ yìí fún ẹnì kan nínú ilé, tí ó sì ti kọ gbogbo ìbéèrè onítọ̀hún sílẹ̀, kí ó kọjá sí àwọn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ ìwé sí, èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn bẹ̀rẹ̀ sí rí ní ọdún 1973 ní Vindolanda, ibùdó ọmọ ogun Róòmù ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wá ìwé tí Claudia Severa kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sulpicia Lepidina ní nǹkan bí ọdún 100, pé kí ó wá bá òun ṣe ọjọ́ ìbí òun ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án. Akọ̀wé ni ó bá a kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wo ìsàlẹ̀ pátákó náà dáadáa kí ó tó ka ohunkóhun, níbi tí ọwọ́ ìkọ̀wé ti yí padà, tí Severa ti gba kálàmù tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀.